Ohun-Ìní Tí A Fi Sí Ìkáwọ́ Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ní, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Gbogbo ènìyàn ni ó gbà pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú ohun tí ọkùnrin kan làágùn kó jọ, yóò dáhùn pé aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ìwọ tí o ń ka ìwé yìí bá mi yẹ̀ wò. Bí ọkùnrin kan bá mú ohun-ìní rẹ̀, tí ó fi í sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn kí onítọ̀hún máa tọ́jú rẹ̀, tí ìwé sì wí pé ohun-ìní náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ tí aya àti ọmọ ní láti jẹ nínú rẹ̀ ti pin? Ṣé ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di aláìní níwájú àwọn tí ó jẹ ní gbèsè oúnjẹ, aṣọ àti ilé?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ohun-ìní tí a fi sí ìkáwọ́ ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe àyálò. Ẹni mẹ́ta ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ẹni tí ó ni nǹkan, tí ó sì fi í lélẹ̀. Èkejì ni ẹni tí a fọkàn tán, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé, tí ilé tàbí owó náà sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí a torí rẹ̀ ṣe é, tí èrè ohun-ìní náà tọ́ sí. Ẹni kejì ni ó di ọ̀bẹ mú, ṣùgbọ́n ẹni kẹta ni ó ni ẹran. Bí ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹran sí ẹnu ara rẹ̀, olè ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ìwé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ ètò yìí di òfin tí àwọn agbẹjọ́rò wa ń lò lónìí. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ wọn, ẹni tí ó bá ń lọ sí ìrìn àjò tàbí ogun lè fi ilẹ̀ rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ nítorí aya àti ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ náà bá wá ya ọ̀dàlẹ̀, ilé ẹjọ́ kò ní ohun tí yóò ṣe sí i, nítorí orúkọ ọ̀dàlẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́ rí lórí ilẹ̀. Àwọn tí a rẹ́ jẹ a sì máa sá tọ ìjòyè àgbà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba lọ. Ìjòyè yìí kì í wo orúkọ nìkan. Ẹ̀rí-ọkàn ọ̀rẹ́ náà ni ó ń wò. A ó bi í pé, nígbà tí a fi ilẹ̀ yìí lé ọ lọ́wọ́, ta ni a sọ pé kí ó jẹ ẹ́? Fi èyí sí ọkàn, nítorí a óò tún padà sí i: láti inú ẹ̀rí-ọkàn ni a ti bí gbogbo ètò yìí.

Má ṣe rò pé àwọn baba wa kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí baba bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ a di ilé ẹbí, Dáwódù, èyíinì ni àkọ́bí rẹ̀ lọ́kùnrin, a sì bọ́ sí ipò baba. Ṣùgbọ́n kì í ní ilé náà bí ènìyàn ti í ní aṣọ ọrùn rẹ̀. Kò lè dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, kò sì lè lé ọmọ baba rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Ní 1908, ẹjọ́ kan tí ó gbajúmọ̀ wá síwájú ilé ẹjọ́ ní Èkó, àwọn amòfin sì ń pè é ní ẹjọ́ Lewis àti Bánkọ́lé. Ìdílé Olóyè Mábínúorí ni ó dá a sílẹ̀. Olóyè yìí kú ní 1881, ó sì fi ọmọ méjìlá sílẹ̀. Adájọ́ àgbà Osborne fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí pé bí Dáwódù bá kú, èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ olóògbé tí ó ṣẹ́kù, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ni ipò olórí ẹbí tọ́ sí. Ní 1921 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá, Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ́nù. Àwọn adájọ́ ibẹ̀ wí pé ilẹ̀ jẹ́ ti gbogbo àwùjọ, àti pé olóyè tàbí olórí ẹbí tí ń ṣe àkóso rẹ̀ dàbí ẹni tí a fi í sí ìkáwọ́ rẹ̀ nítorí àwọn yòókù. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìkáwọ́, ọ̀rọ̀ ilé wa ni à ń sọ.

Wàyí o, bá mi ká lọ sí Ìkòròdú. Bí o bá gba ọ̀nà tí ó lọ láti Ìkòròdú sí Ṣàgámù, ìwọ yóò kan Odógúnyán, níbi tí ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá wà. Ìwọ yóò rí èéfín níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, ìwọ yóò gbọ́ ìró ẹ̀rọ tọ̀sán-tòru, ìwọ yóò sì rí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́nu ọ̀nà. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí tó dé, oko ni ibẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1978, Òfin Lílo Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Abala 29 nínú òfin kan náà wí pé bí a bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwùjọ kan, a lè san owó gbà-má-bínú fún olóyè tàbí olórí wọn, kí ó ná an fún àǹfààní gbogbo wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà.

Ìwọ wo bí ìkáwọ́ ti gun orí ìkáwọ́. Ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ Gómìnà. Owó ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ olórí. Ta ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá? Ìyá tí ń gbin ẹ̀gẹ́ lórí ilẹ̀ náà ni, àti ọmọ tí owó ilé-ìwé rẹ̀ ti ara gààrí wá. Bí olórí bá fi owó gbà-má-bínú ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ara rẹ̀, ìwé lè wí pé ó gbà á bí ó ti tọ́, àwọn ará ilé sì lè bẹ̀rù láti bi í léèrè. Síbẹ̀, oúnjẹ ẹnu ọmọ ni ó jẹ. Ohun tí ó burú lọ́wọ́ olórí ẹbí lórí ilẹ̀ ńlá burú bákan náà lọ́wọ́ baálé ilé lórí ilé kékeré.

Jẹ́ kí a wá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ sínú ilé kékeré náà. Ká ní ọkùnrin méjì wà ní ẹ̀bá ọgbà ilé-iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe ọ̀rá tí àwọn oníṣòwò fi ń di ọjà. Olúkúlùkù wọn ní ilé kan, ẹ̀rọ mẹ́ta, aya kan àti ọmọ mẹ́rin. Ọkùnrin kìíní rí i pé àkọ́bí òun fẹ́ràn tẹ́tẹ́, ó sì mọ̀ pé bí òun bá kú, àwọn ìbátan yóò ya bo ilé bí eéṣú. Ó tọ agbẹjọ́rò lọ, ó fi ilé náà sí ìkáwọ́ ènìyàn méjì tí wọ́n jẹ́ olóòótọ́. Ó ní kí aya òun máa gbé inú rẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, kí owó ilé tí àwọn ayálégbé bá san máa lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á títí èyí tí ó kéré jù yóò fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó pe aya rẹ̀, ó ka ìwé náà sí i létí.

Ọkùnrin kejì ti ń bá aya rẹ̀ jà. Ó gbọ́ fìrìfìrì pé ó fẹ́ lọ sí kóòtù láti béèrè owó ìtọ́jú àwọn ọmọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti sáré lọ bá àbúrò rẹ̀, wọ́n kọ ìwé, wọ́n sì fi ilé àti ẹ̀rọ sí ìkáwọ́ àbúrò yìí. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni ọkùnrin yìí ṣì ń sùn, òun ni ó ń gba owó ilé, òun ni ó ń ta ọ̀rá tí ẹ̀rọ bá ṣe. Nígbà tí a bá lé àwọn ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó ilé-ìwé, a tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, a ní, “N kò ní nǹkan kan láyé mi. Ẹ lọ wo ìwé.”

Bí a bá gbé ìwé méjèèjì lé orí tábìlì, wọn yóò jọ ara wọn bí ìbejì. Òǹtẹ̀ wà lára wọn, ìbuwọ́lù wà lábẹ́ wọn, ẹlẹ́rìí sì wà. Ṣùgbọ́n àká ni ìkíní, ihò ìsápamọ́ ni èkejì. A kọ́ àká kí oúnjẹ má baà bàjẹ́ kí àkókò àtijẹ rẹ̀ tó dé. A gbẹ́ ihò kí ẹni tí ebi ń pa má baà rí oúnjẹ rárá. Ẹni tí ó bá wí pé ohun kan náà ni méjèèjì, lẹ́tà ni ó kà, kò ka ọkàn.

Ẹlòmíràn lè dìde kí ó wí pé, “Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ owó mi. Bí mo bá lè da á sí ọ̀sà, kí ni ó dé tí n kò lè fi í lé àbúrò mi lọ́wọ́?” Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìlú tí ènìyàn kò bá ti ní àṣẹ lórí ohun tí ó ṣiṣẹ́ fún, kò sí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni àṣẹ olóhun bẹ̀rẹ̀? Lẹ́yìn tí ó bá ti san gbèsè ni. Láti 1571 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wí pé bí ènìyàn bá gbé ohun-ìní rẹ̀ fún ẹlòmíràn kí àwọn tí ó jẹ lówó má baà rí i gbà, asán ni irú ìfifúnni bẹ́ẹ̀. Òwò kò lè dúró bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ó dára. Bí òfin kò bá gbà kí a sá fún ẹni tí ó yá wa ní owó, tí ó sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ewu wà nínú yíyáni lówó, báwo ni a ó ṣe gbà kí a sá fún ọmọ tí kò bẹ̀ wá kí a bí òun? Ṣé olówó èlé wá ju ọmọ lọ ni? Oúnjẹ ọmọ ni gbèsè àkọ́kọ́. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni baba lè pè ní tirẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò tún wí pé aya mìíràn ń bẹ tí ó jẹ́ onínàákúnàá, àti pé ìyá arúgbó wà ní ilé tí òun náà gbọ́dọ̀ jẹun. Òtítọ́ ni. Ìdí nìyí tí ètò ìkáwọ́ fi dára. Ó jẹ́ kí a lè fi oúnjẹ fún onínàákúnàá láìfi àká fún un. Ó jẹ́ kí ìyá arúgbó ní ìpín tirẹ̀, tí aya kankan kò ní lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù ìnàákúnàá ní ọ̀nà láti dáàbò bo ohun-ìní láìfi ebi pa ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lójú ẹ̀sìn. Nínú ìwé Ìhìnrere Máàkù, orí keje, a kà nípa àwọn kan tí wọ́n máa ń pe ohun-ìní wọn ní Kọ́bánì, èyíinì ni ohun tí a ti yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, kí wọ́n má baà fi tọ́jú baba àti ìyá wọn. Ìwà yìí ni Jésù bá wọn wí sí, ó ní wọ́n fi àṣà ènìyàn sọ òfin Ọlọ́run di asán. Ìwọ rò ó: bí a kò bá lè fi orúkọ Ọlọ́run pàápàá bo oúnjẹ àwọn òbí mọ́lẹ̀, mélòó-mélòó ni a ó lè fi orúkọ àbúrò ẹni bò ó? Nínú òfin àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú, ènìyàn lè ya ilé tàbí ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ rere, wọ́n sì ń pe èyí ní wákáfù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń ṣe ìhágún, kò gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun-ìní rẹ̀ lọ fún àwọn tí kì í ṣe ajogún, àyàfi bí àwọn ajogún bá gbà. Ẹ̀bùn tí a bá ṣe nínú àìsàn tí ó yọrí sí ikú pàápàá kò gbọdọ̀ kọjá òṣùwọ̀n yìí. Aya ní ìpín tí a ti là sílẹ̀: ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá ní. Ẹ̀sìn méjèèjì yìí fi ẹnu kò pé ọ̀làwọ́ tí ó bá fi ebi sílẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ kò mọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Ohun kan wà nínú àṣà tiwa tí ó yẹ kí a fi ojú ọmọlúàbí wò. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ́nù parí ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé, tí ó wá láti Èkó. Súbérù Dáwódù kú, ó fi aya mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Báwo ni a ó ṣe pín ogún? Ṣé ní ìdí-igi ni, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí iye aya, tàbí ní orí-ò-jorí, kí a pín in sí ọ̀nà mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ? Adájọ́ kìíní ní orí-ò-jorí ni ó bá ayé òde òní mu. Ilé ẹjọ́ gíga yí i padà ní 1958, ìgbìmọ̀ Lọ́ńdọ́nù sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè lo orí-ò-jorí.

Bí a ti ń ka igi, ǹjẹ́ o kíyè sí ohun kan? Aya ni a fi ń ka ìdí-igi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó kan aya fúnra rẹ̀ nínú ìpín náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbà á. Aya tí kò bímọ kò ní igi rárá. Nínú ẹjọ́ Súbérù àti Súnmọ́nù ní 1957, ilé ẹjọ́ gíga sọ ìdí rẹ̀ gbangba: aya kò lè jogún ọkọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ìbátan ọkọ yóò jogún. Ọ̀rọ̀ yìí korò létí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a lóye ibi tí ó ti wá. Láyé àtijọ́, bí ọkọ bá kú, àbúrò tàbí ìbátan rẹ̀ a ṣú opó náà. Ẹni tí ó bá ṣú u ni ó gba ẹrù oúnjẹ, aṣọ àti ilé rẹ̀. Àṣà kan náà tí ó dí ọ̀nà ogún mọ́ ọn ni ó ṣí ọ̀nà ìtọ́jú fún un.

Lónìí, opó mélòó ni a ń ṣú? Àwọn obìnrin wa kò fẹ́ ẹ, ẹ̀sìn wọn kò gbà á, àwọn ìbátan ọkọ pàápàá ń sá fún ẹrù rẹ̀. Apá tí ń bọ́ opó nínú àṣà náà ti kú. Apá tí ń lé e jáde ni ó kù láàyè. Ẹni tí ó bá di èyí tí ó ṣe é ní àǹfààní mú nínú àṣà, tí ó sì ju èyí tí ó di ẹrù lé e lórí nù, kò lè sọ pé òun ń tẹ̀lé ìṣe àwọn baba. Ó ń ja opó lólè, ó sì ń pe orúkọ baba rẹ̀ sí i ni. Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá opó kan láti Awka, ní ilẹ̀ Ìgbò, láre lórí àwọn ìbátan ọkọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lé e kúrò nílé nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Adájọ́ wí pé irú àṣà bẹ́ẹ̀ kò bá ọmọnìyàn mu. Ohun tí ilé ẹjọ́ rí ní ilẹ̀ Ìgbò, a kò gbọdọ̀ dijú sí i ní ilẹ̀ Yorùbá.

Òfin ti ń gbìyànjú láti dí ihò náà. Òfin Ìhágún ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a ṣe ní 1990, gbà kí aya, ọkọ tàbí ọmọ olóògbé tọ ilé ẹjọ́ lọ bí ìwé ìhágún kò bá ṣe ètò ìtọ́jú tí ó bójú mu fún wọn. Oṣù mẹ́fà ni a fún wọn láti ìgbà tí a bá ti gba àṣẹ àtipín ohun-ìní náà. Lẹ́yìn èyí, àfi bí ilé ẹjọ́ bá gbà wọ́n láyè. Fún àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba, òfin ìgbéyàwó ti 1970 fún adájọ́ ní agbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú, àti láti pàṣẹ pé kí a ya ohun-ìní sọ́tọ̀ fún àǹfààní aya, ọkọ tàbí àwọn ọmọ. Adájọ́ kan náà lè yẹ ètò tí tọkọtaya ti ṣe lórí ohun-ìní nítorí ìgbéyàwó wọn wò, kí ó sì pàṣẹ bí a ó ti lò ó. Wàá rí i pé ètò ìkáwọ́ tí baba burúkú fi ń sá ni adájọ́ rere lè fi dáàbò bo ọmọ.

Síbẹ̀, òfin ní ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. Ìwé ìhágún kò lè pín ohun tí ó ti kúrò lọ́wọ́ olóhun kí ó tó kú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí èyí. Nínú òfin tí wọ́n ṣe ní 1975, wọ́n fún adájọ́ ní àyè láti wo ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, bí olóògbé bá ti gbé ohun-ìní kúrò kí àwọn tí ó yẹ kí ó tọ́jú má baà rí i. Ṣùgbọ́n kí opó tó lè rí adájọ́, ó gbọ́dọ̀ rí agbẹjọ́rò. Kí ó tó rí agbẹjọ́rò, ó gbọ́dọ̀ rí owó. Owó náà gan-an sì ni a fi pamọ́ fún un. Ohun tí ìwà rere bá ṣe ní ọjọ́ kan, ilé ẹjọ́ lè lo ọdún mẹ́wàá kí ó tó ṣe é.

Má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìkan ni èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbé irin ní Odógúnyán ní ohun-ìní ní ìkáwọ́ ẹlòmíràn, bí ó mọ̀ bí kò mọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 wí pé ní ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó máa yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì fi ìdá 10 kún un. Ilé-iṣẹ́ kan ni ó ń ṣe àkóso owó yìí, òmíràn ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ san owó adójútòfò pẹ̀lú, kí ó má dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́ ọdún kan, fún ìgbà tí òṣìṣẹ́ náà bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ iṣẹ́, kò tíì níyàwó, ó sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ibi tí a ti béèrè ìbátan tí ó súnmọ́ ọn jù. Ọdún mẹ́wàá kọjá, ó ti ní aya àti ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú ìwé. Bí ó bá kú, ẹ̀gbọ́n yóò wí pé òun ni a kọ, òun ni ó ni owó. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Ẹni tí a kọ síbẹ̀ jẹ́ ẹni tí a ó kọ́kọ́ sọ fún. Ìwé ìhágún, tàbí àṣẹ tí ilé ẹjọ́ bá fún àwọn tí yóò pín ohun-ìní, ni ó ń sọ ẹni tí owó tọ́ sí. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó mọ èyí nínú àwọn opó tí ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí baba ìbá fi tún ìwé kọ ni yóò gba ìyá àti ọmọ lọ́wọ́ ìyà ọdún mẹ́wàá.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ àká yàtọ̀ sí ihò? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fi lé ọ lọ́wọ́. Èkíní: ìgbà wo ni a ṣe é? Ohun tí a ṣe ní ìgbà àlàáfíà, tí ara le, yàtọ̀ sí ohun tí a fi ìkánjú ṣe nígbà tí ìjà dé. Èkejì: ta ni ó ń jẹ ẹ́? Bí ẹni tí ó wí pé òun ti fi í sílẹ̀ bá ṣì ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ̀kẹta: ṣé a lè kà á sí etí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn? Ọkùnrin kìíní pe aya rẹ̀, ó kà á fún un; ọkùnrin kejì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ètò rere lórí ohun-ìní kì í bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀.

Obìnrin pẹ̀lú kò bọ́ nínú ìdájọ́ yìí. Aya tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjà, tí ó ń kó èrè rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ àwọn ará ilé baba rẹ̀ nígbà tí ọkọ tí ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ń wá owó oògùn, kò yàtọ̀ sí ọkùnrin tí ó sá lọ bá àbúrò rẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́n, tí ó sì ń fi ilé pamọ́ fún òbí tí ó tọ́ ọ, ọ̀kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a fọkàn tán: bí a bá pè ọ́ kí o wá di ọ̀bẹ mú fún irú ète bẹ́ẹ̀, kọ̀. Àbúrò tí ó buwọ́ lu ìwé ọkùnrin kejì kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ kò kan òun. Láìsí ọwọ́ rẹ̀, ihò náà kò ní ìdérí.

Rántí ohun tí mo ní kí o fi sí ọkàn. Inú ẹ̀rí-ọkàn ni a ti bí ètò ìkáwọ́, nítorí àwọn aya àti ọmọ tí ọ̀dàlẹ̀ fẹ́ rẹ́ jẹ. Ẹni tí ó bá wá fi ètò yìí kan náà rẹ́ aya àti ọmọ jẹ, ó dàbí ẹni tí ó yọ ilẹ̀kùn ilé tí a kàn láti dènà olè, tí ó fi í ṣe àkàbà fún olè náà. Ìwé lè yí orúkọ padà lórí ilé, ṣùgbọ́n kò lè yí ẹni tí ó bí ọmọ padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ ebi di ayó.

Ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá o kò tíì ní ilé, o kò tíì ní ẹ̀rọ, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ kò ju owó tí ìyá rẹ fi rán ọ lọ sí ọjà lọ. Níbẹ̀ gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ṣẹ́ńjì ìyá rẹ̀ padà wálé láìdín kọ́bọ̀, ó ti ń kọ́ bí a ti ń di ọ̀bẹ mú láìjẹ ẹran oníran. Nígbà tí ó bá sì di baálé ilé, tí ó ní ohun tí yóò fi lélẹ̀, yóò mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí a fi ohun-ìní náà sí ìkáwọ́ rẹ̀, àti pé kí ọjọ́ tó lọ, aya àti ọmọ ni yóò bi í pé níbo ni ó gbé e sí.